Bàbá oníṣòó ní Katako, ọmọ rẹ̀, àti ìwé tó ń tajà

Katako ni àwọn Haúsá ń pe pákó tí a là fún iṣẹ́ káfíńtà, èyí tí Yorùbá ń pè ní pátákó. Ẹni tó bá wọ ọjà tí wọ́n fi orúkọ yìí pè ní ìlú Niamey, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Niger, kò ní í bi ẹnikẹ́ni léèrè ìdí tí wọ́n fi pè é bẹ́ẹ̀. Ariwo ayùn àti òòlù ni yóò kọ́kọ́ kí i káàbọ̀. Pákó wà níbẹ̀ ní òkìtì òkìtì, irin àlòkù wà, páànù wà, ọkà wà nínú àpò, àwọn alágbẹ̀dẹ sì jókòó sínú oòrùn, wọ́n ń fi àgbá epo àtijọ́ rọ àdògán àti ìkòkò. Ọjà ńlá mìíràn wà ní ìlú náà tí ojú rẹ̀ mọ́ ju ti Katako lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń kọ́lé tàbí tó ń kan ilẹ̀kùn, Katako ló ń gbà lọ.

Ibẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù bàbá oníṣòó wà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ o, ṣùgbọ́n ọjà kò mọ orúkọ náà. Ìṣó ló fi bẹ̀rẹ̀ òwò, ìṣó náà ni wọ́n sì fi ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé páànù, àgádágodo àti wáyà ló ń mówó wọlé fún un jù. Bàbá tó bí i ti kọ́kọ́ ṣòwò ní Tamale ní orílẹ̀-èdè Gánà, títí di oṣù kọkànlá ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Kofi Busia fún gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré kí wọ́n fi kó ẹrù wọn jáde. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ló fi ṣọ́ọ̀bù, ilé, àti gbèsè tí àwọn ènìyàn jẹ wọ́n sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Ohun kan ṣoṣo tí wọn kò lè gbà lọ́wọ́ bàbá àgbà yẹn lẹ́nubodè ni ẹnu tó fi ń polówó ọjà. Ẹnu náà ló gbé lọ sí Niamey, òun ló fi bẹ̀rẹ̀ ayé mìíràn níbẹ̀, ọmọ sì jogún rẹ̀.

Ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá rò pé ariwo lásán ni ìpolówó kò tíì dúró níwájú bàbá oníṣòó rí. Bàbá náà kì í pariwo. Bí oníbàárà bá ti ń bọ̀ lókèèrè ni ó ti ń wo ọwọ́ rẹ̀, bóyá ọwọ́ káfíńtà ni, bóyá ti ẹni tó ń kọ́lé fún ìgbà àkọ́kọ́ ni. Haúsá ni yóò fi kí ọ̀kan, Zarma ni yóò fi kí èkejì, ìwọ̀nba Faransé tó gbọ́ ni yóò fi dá òṣìṣẹ́ ìjọba lóhùn, yóò sì fi Yorùbá bá ọmọ ìlú rẹ̀ ṣàwàdà. Bí oníbàárà bá fajú ro, yóò yí ọ̀rọ̀ padà. Bí ó bá rẹ́rìn-ín, ọjà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tà nìyẹn. Ojú ni ọ̀rọ̀ wà, ojú ló sì fi tajà fún ọdún tó lé ní ọgbọ̀n.

Lẹ́yìn náà ni ojú àwọn oníbàárà di àwátì. Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù keje ọdún 2023, àwọn ológun fipá gba ìjọba lọ́wọ́ Ààrẹ Mohamed Bazoum. Kò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ tí ECOWAS fi pàṣẹ pé kí wọ́n ti gbogbo ẹnubodè mọ́ Niger, kí ẹnikẹ́ni má sì bá a ṣòwò. Nàìjíríà já iná mànàmáná tó ń fún wọn. Páànù tí bàbá oníṣòó ti san owó rẹ̀ sílẹ̀ dúró sí Malanville ní orílẹ̀-èdè Benin, nínú ọ̀wọ́ àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó tò gbọọrọ. Odò Ọya ni ó wà láàrin Malanville àti Gaya tó jẹ́ ti Niger, afárá kan ṣoṣo ló so wọ́n pọ̀, ẹni tó dúró lápá kan lè máa wo apá kejì, ṣùgbọ́n ní ọdún náà, odò di òkun. ECOWAS mú ọwọ́ kúrò ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kejì ọdún 2024, Nàìjíríà sì ṣí ẹnubodè tirẹ̀ ní oṣù kẹta. Àwọn ológun Niger kò ṣí ti Benin. Títí ọdún náà fi parí, ó wà ní títì. Ẹrù ní láti gba Lomé, kí ó la Burkina Faso kọjá, kí àwọn sójà máa sin ọkọ̀ nítorí àwọn agbébọn, kí ó tó wọ Niamey. Ẹ mọ ohun tí irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ ń ṣe fún iye owó páànù kan.

Àwọn oníbàárà tó máa ń wọ ọkọ̀ láti Gaya, Dosso àti Téra wá sí Katako dín kù. Ẹni tó sì wá ń ka owó rẹ̀ bí ẹni ń ka ìlẹ̀kẹ̀. Bàbá oníṣòó wọ gbèsè. Nínú ilé, wọ́n ti ń sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé kí ó palẹ̀ mọ́, kí ó padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun létí rẹ̀. Nígbà tó wà lọ́mọdé ló ti gbọ́ ọ tí wọ́n ń sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀.

Ọmọbìnrin rẹ̀ kan wà tó kàwé jáde ní Yunifásítì Abdou Moumouni tó wà ní Niamey níbẹ̀. Òun ló mú àbá wá.

“Bàbá, bí wọn kò bá lè wá sọ́dọ̀ wa mọ́, ẹ jẹ́ kí a máa kọ̀wé sí wọn.”

“Ta ni a mọ̀ tí a fẹ́ kọ̀wé sí?”

“Ẹnikẹ́ni tó bá ń wá páànù ni. Àwa kọ́ la ó máa wá a, òun ni yóò wá wa rí.”

Ó ṣàlàyé fún bàbá rẹ̀ pé ẹni tó fẹ́ kọ́lé lóde òní, kó tó jáde nílé, yóò ti béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ Google tàbí kí ó wá a lórí Facebook, ẹni tó bá sì ti kọ ìdáhùn sílẹ̀ de irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ bá pàdé. Bàbá gbọ́ ìdajì, ó gbà á pẹ̀lú ìyókù. Gbèsè kì í jẹ́ kí ènìyàn yan àbá.

Ohun tí ọmọ náà kọ́kọ́ kọ kò ṣeé gbọ́ sétí. Ó ya fọ́tò ṣọ́ọ̀bù, ó kọ ọ́ ní èdè Faransé pé ọjà wọn ló dára jù ní gbogbo Niamey, pé iye owó wọn kò lẹ́gbẹ́, pé ìtẹ́lọ́rùn oníbàárà ló jẹ wọ́n lógún. Kò sí irọ́ ńlá kan níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí òótọ́ kan tí ènìyàn lè dì mú. Nígbà tí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu rẹ̀, ó lọ ṣe àdàkọ ọ̀rọ̀ ilé ìtajà kan ní ilẹ̀ Faransé, ó pààrọ̀ orúkọ ìlú, ó sì gbé e jáde. Báyìí ni ó ṣe di pé bàbá oníṣòó ń ta páànù tí òjò dídì kò lè ṣe ní nǹkan kan, ní Niamey, níbi tí ooru oṣù kẹrin ti máa ń kọjá ogójì lórí òṣùwọ̀n. Káfíńtà kan tó gbọ́ Faransé kà á sókè nínú ọjà. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Katako. Ó tó ọ̀sẹ̀ kan tí bàbá oníṣòó kò lè kọjá láìjẹ́ pé ẹnìkan béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá òjò dídì ti bẹ̀rẹ̀.

Èyí tó tẹ̀ lé e kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan ní Dosso rí fọ́tò àgádágodo, ó fi owó méjìlá ránṣẹ́ lórí fóònù, wọ́n sì di í sínú ọkọ̀ èrò fún un. Nígbà tí ẹrù dé, irin tó ń wọ ihò àgádágodo náà kò gba ẹ̀wọ̀n tí ọkùnrin náà fẹ́ fi ti ilé ìkẹ́rù rẹ̀. Nínú fọ́tò, ó tóbi. Ní ọwọ́, ó kéré. Ọkùnrin náà wọ ọkọ̀ rin ìrìn 140 kìlómítà wá sí Niamey, ó gbé àpò lé orí tábìlì, kò kí ẹnikẹ́ni. Bàbá oníṣòó kò jiyàn. Ó dá owó rẹ̀ padà fún un, ó fi owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ lé e, ó sì bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ọkùnrin náà lọ tán, ó yíjú sí ọmọ rẹ̀.

“Ọmọ mi, bó bá jẹ́ pé iwájú mi ló dúró sí ni, ǹ bá ti bi í léèrè ohun tó fẹ́ tì.”

Ọ̀rọ̀ yìí ni ọmọ náà gbé sùn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó mú ìwé àkọsílẹ̀ kan dání wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó sẹ́yìn bàbá rẹ̀, kò sì ṣe ju pé kí ó máa kọ gbogbo ìbéèrè tí oníbàárà bá béèrè àti gbogbo èyí tí bàbá rẹ̀ bá bi oníbàárà. Páànù mélòó ló máa tó yàrá méjì? Ṣé èyí kò ní í ṣí nígbà tí ìjì bá jà? Kí ló dé tí ti ẹni tó wà ní igun ọ̀hún fi dínwó sí tiyín? Ṣé idẹ ni àgádágodo yìí àbí wọ́n fi ọ̀dà kùn ún? Ó ṣe é fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tó ka ohun tó kọ, ó rí i pé nínú gbogbo ọ̀rọ̀ dídùn tí òun ti ń kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sí ẹyọ kan tó dáhùn èyíkéyìí nínú àwọn ìbéèrè náà.

Àwọn tó lówó ju bàbá oníṣòó lọ ti rí ọ̀nà yìí tipẹ́. Ní ọdún 1895 ni ilé-iṣẹ́ John Deere, tó ń ṣe ohun èlò oko ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn kan fún àwọn àgbẹ̀, tó ń kọ́ wọn ní bí oko ṣe ń ṣe dáadáa. Ní ọdún 1900, àwọn ọmọ ìyá méjì kan, André àti Édouard Michelin, tí wọ́n ń ṣe táyà ní ilẹ̀ Faransé, tẹ ìwé pélébé kan ní ẹ̀dà 35,000, wọ́n sì pín in lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni àwòrán ọ̀nà, ibi tí awakọ̀ ti lè rí epo, ibi tí ó ti lè rí ẹni tún ọkọ̀ ṣe, ibi tí ó ti lè sùn, àti bí a ṣe ń pààrọ̀ táyà. Ìṣirò wọn kò le: ẹni tó bá rí ibi tí yóò sùn lọ́nà jíjìn yóò rin ọ̀nà jíjìn, ẹni tó bá sì ń rin ọ̀nà jíjìn, táyà rẹ̀ yóò jẹ. Ọdún 1920 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìwé náà. Táyà ni wọ́n ń tà, ṣùgbọ́n ọ̀nà ni wọ́n ń kọ̀wé nípa rẹ̀.

Páànù ni ọmọ bàbá oníṣòó fi bẹ̀rẹ̀. Àkọlé àpilẹ̀kọ rẹ̀ kò ju ìbéèrè oníbàárà lọ: kí ló dé tí páànù méjì tí wọ́n gùn bákan náà kì í jẹ́ iye kan náà? Ó ṣàlàyé pé ní Niger, bí ó ti rí ní àwọn ilẹ̀ mìíràn tí Faransé jẹ gàba lé lórí, nọ́ńbà tí wọ́n ń pe páànù ń tọ́ka sí bí ó ṣe nípọn tó: bí a bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún, márùn-ún-dín-lógún nínú rẹ̀ ni páànù 15 nípọn mọ, márùn-ún-dín-lógójì ni ti 35. Nítorí náà, bí nọ́ńbà bá ṣe ń pọ̀ ni páànù ń nípọn. Ó wá fi ọ̀rọ̀ kan kún un fún àwọn ọmọ Nàìjíríà, nítorí pé lọ́dọ̀ àwọn tó ń lo ìṣirò géèjì àtijọ́ fún páànù onírin, bí nọ́ńbà bá ṣe ń pọ̀ ni páànù ń fẹ́lẹ́. Ẹni tó bá gbé ìṣirò ilé wá sí Niamey yóò na ọwọ́ sí nọ́ńbà tó kéré, yóò rò pé òun ti mú èyí tó lágbára, ìjì àkọ́kọ́ ni yóò sì là á lójú. Ó ní ẹni tí kò bá gba ẹnikẹ́ni gbọ́ kí ó gbé páànù méjèèjì lé ìwọ̀n: bí gígùn àti fífẹ̀ wọn bá dọ́gba, èyí tó fẹ́lẹ́ kò lè wúwo tó èyí tó nípọn. Lẹ́yìn gbogbo èyí, ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ló tó kọ ibi tí ṣọ́ọ̀bù wọn wà ní Katako.

Ọ̀rọ̀ àgádágodo ló tẹ̀ lé e, èyí tí ọkùnrin ará Dosso ti sanwó ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ó kọ ọ́ pé kí oníbàárà wọn nǹkan mẹ́ta kó tó fi owó ránṣẹ́: bí irin tó tẹ̀ kọdọrọ náà ṣe nípọn tó, bí ó ṣe ga tó láti orí àgádágodo, àti bí àyè inú rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó. Fọ́tò tuntun tó yà, ó gbé àgádágodo náà sí ẹ̀gbẹ́ rúlà, kí ojú má baà tan ẹnikẹ́ni jẹ mọ́. Ó kọ ọ́ pé òòfà kì í gbé idẹ, nítorí náà kí wọ́n fi òòfà kan ara àgádágodo. Bí ó bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin tí wọ́n fi ọ̀dà kùn ni. Ó sì rán wọn létí pé kí wọ́n má ṣe fi kan irin tó tẹ̀ kọdọrọ yẹn, nítorí pé irin ni ti ọ̀pọ̀ àgádágodo. Ó kọ nípa pákó tó máa ń sún kì lásìkò ọyẹ́ àti ẹ̀ẹ̀rùn, tó sì máa ń wú lásìkò òjò, tí ó fi jẹ́ pé ilẹ̀kùn tí káfíńtà fún mọ́ férémù rẹ̀ ní oṣù kẹrin kò ní í ṣeé ṣí ní oṣù kẹjọ. Ó kọ pé orí ìgòkè páànù ni a ń kan ìṣó sí, kì í ṣe inú kòtò rẹ̀ níbi tí omi ń gbà. Bàbá rẹ̀ ló ń sọ, òun ló ń kọ. Ìmọ̀ tó ti wà lẹ́nu ọkùnrin kan fún ọgbọ̀n ọdún, tí ẹni tí kò bá dé Katako kò lè gbọ́, wá bọ́ sórí fóònù ẹni tó wà ní Téra.

Ìjà kan ṣẹlẹ̀ nígbà tó kan iye owó. Ọmọ fẹ́ kọ ọ́, bàbá kọ̀.

“Bí a bá ti kọ iye rẹ̀ síta, kí ni wọ́n ó tún bá wa ná?”

“Bàbá, ẹni tó wà lọ́nà jíjìn tí kò rí iye rẹ̀ yóò rò pé ẹ fẹ́ wo ojú òun kí ẹ tó pè é ni.”

Ọ̀rọ̀ náà dun bàbá, nítorí pé òótọ́ ni. Ó máa ń wo ojú kó tó pè é. Ẹni tó bá rò pé ìwà àrékérekè nìyẹn kò tíì mọ ọjà. Ìnájà ni ọ̀nà tí oníṣòwò ń gbà mọ ènìyàn, òun ni wọ́n fi ń di oníbàárà ara wọn, bí wọ́n bá sì mú un kúrò, òwò yóò gbẹ bí ẹja Mọ́pìtì. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè ná ọjà pẹ̀lú ìwé. Wọ́n sùn lé ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì jí bá àdéhùn kan: wọ́n ó kọ iye owó, wọ́n ó kọ ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nítorí ọjà tó ń gòkè lójoojúmọ́, wọ́n ó sì fi kún un pé ẹni tó bá fẹ́ ju mẹ́wàá lọ kí ó pè kí àwọn jọ sọ̀rọ̀. Bàbá fi ìyẹn tọ́jú ìnájà rẹ̀ díẹ̀.

Wọ́n kọ iye owó tán, wàhálà mìíràn tún yọjú. Ní Niger, owó sefà tí wọ́n ń kọ sórí ìwé kọ́ ni wọ́n ń kà lẹ́nu. Dala ni àwọn tó ń sọ Haúsá àti Zarma fi ń ka owó, sefà márùn-ún ló sì wà nínú dala kan. Ohun tí wọ́n kọ ní 500, dala ọgọ́rùn-ún ni lẹ́nu ọjà. Obìnrin kan ní abúlé ní kí ọmọ rẹ̀ ka iye owó ìṣó fún òun, ọmọ pe ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta, obìnrin náà gbà pé dala ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta ni, èyí tí í ṣe 2,500 sefà, ó sì kígbe pé olè ni àwọn ará Katako. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà fi dé etí bàbá oníṣòó, ó ti ra ìṣó rẹ̀ níbòmíràn. Láti ìgbà náà, ọ̀nà méjèèjì ni wọ́n ń kọ ọ́, sefà lókè, dala nísàlẹ̀.

Ìtàn obìnrin yìí tún la ọmọ náà lójú sí nǹkan kan tí kò sí nínú ẹ̀kọ́ ìpolówó kankan tó ti kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ra páànù lọ́wọ́ wọn kò mọ ìwé kà. Ọmọ wọn ló ń kà á fún wọn, tàbí àbúrò, tàbí ọmọ aládùúgbò. Nítorí náà, ohun tó bá kọ gbọ́dọ̀ ṣeé kà sókè, kí ọmọ ọdún méjìlá má fi kọsẹ̀, kí àgbàlagbà tó ń gbọ́ sì lóye rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ ní Haúsá pẹ̀lú Faransé. Bó bá kọ ọ́ tán, yóò kà á fún bàbá rẹ̀. Ibikíbi tí bàbá bá ti ní “kí lo wí?”, yóò pa á rẹ́. Ó yẹ kí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi ìwé kíkọ jẹun ní irú bàbá bẹ́ẹ̀ nítòsí. Lẹ́yìn èyí, bàbá fúnra rẹ̀ máa ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà sínú fóònù ní Haúsá àti ní Zarma, wọ́n sì ń fi ohùn náà ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ẹnu tó gba Tamale kọjá dé Niamey tún rí iṣẹ́ ṣe. Nígbà tí ìjọba ológun kéde ní oṣù kẹta ọdún 2025 pé Haúsá ni èdè orílẹ̀-èdè Niger, pé Faransé di èdè iṣẹ́ lásán pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì, bàbá oníṣòó ní Katako kò dúró de ìkéde kó tó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé wọ́n di olówó. Àwọn tó ń ka àpilẹ̀kọ náà pọ̀ ju àwọn tó ń rà lọ fíìfíì. Iná ń lọ, íntánẹ́ẹ̀tì ń fà bí ìgbín. Facebook ń gba owó kó tó gbé ọ̀rọ̀ ènìyàn dé ọ̀nà jíjìn, bí owó bá sì ti tán, ọ̀rọ̀ náà yóò padà wálé. Oníṣòwò mìíràn ṣe àdàkọ àpilẹ̀kọ páànù láti òkè délẹ̀, ó sì gbàgbé láti yọ nọ́ńbà fóònù bàbá oníṣòó kúrò nísàlẹ̀. Fún bí oṣù kan ni àwọn oníbàárà ọkùnrin náà fi ń pe bàbá oníṣòó, bàbá sì ń fi sùúrù dá wọn lóhùn. Ọmọ náà tún dán ẹ̀rọ tó ń kọ̀wé fúnra rẹ̀ wò, irú ChatGPT tó jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2022. Faransé rẹ̀ já gaara ju tirẹ̀ lọ. Ó tún mẹ́nu ba ìtẹ́lọ́rùn oníbàárà. Kò bi í léèrè ohun tí ọkùnrin ará Dosso fẹ́ tì.

Síbẹ̀, gbèsè ń dín kù díẹ̀díẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n wà nígbà tí ẹrù kan dé láti Lomé tí òjò ti pa lọ́nà. Àwọn páálí ìṣó kan nínú rẹ̀ ti dípẹtà. Bàbá oníṣòó yẹ̀ ẹ́ wò, ó dákẹ́. Gbogbo ọjà ló mọ ohun tí wọ́n máa ń ṣe sí irú ọjà bẹ́ẹ̀: wọ́n á pò ó mọ́ èyí tó dára, ẹ̀kúnwọ́ kan nínú kílò kan, oníbàárà kò ní í mọ̀ títí yóò fi dé orí òrùlé. Gbèsè ṣì wà nílẹ̀. Bàbá ti na ọwọ́ sí páálí kan.

Ọmọ náà ti ka ìtàn ọkùnrin kan rí, John Powers, tó ń kọ̀wé ìpolówó fún ilé ìtajà ńlá Wanamaker ní Philadelphia ní nǹkan bí ọdún 1880 sí i. Wọ́n ní ẹ̀wù òjò kan wà níbẹ̀ tó ti ń jẹrà, tí wọn kò mọ ohun tí wọn ó fi ṣe. Powers kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé ẹ̀wù òjò tó ti jẹrà wà nílé àwọn, àwọn sì fẹ́ kí ó kúrò nílẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, ó ti tán. Ọmọ náà sọ ìtàn yìí fún bàbá rẹ̀. Bàbá ní Amẹ́ríkà nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ó gbé páálí náà sílẹ̀.

Ohun tí wọ́n kọ kò gùn. Wọ́n ní òjò pa ìṣó yìí lójú ọ̀nà Lomé, ó ti dípẹtà lára, kí ẹnikẹ́ni má fi kan páànù tàbí ilẹ̀kùn. Wọ́n ní ó dára fún àpótí, fún ọgbà ẹran, àti fún pákó tí bíríkìlà fi ń di kọnkéré mú tí yóò tú dànù bí kọnkéré bá gbẹ. Wọ́n pè é ní ìdajì owó, sefà lókè, dala nísàlẹ̀. Wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ nínú oòrùn kí ìpẹtà náà hàn. Bàbá sọ ọ́ lóhùn, ní Haúsá àti ní Zarma, bí ẹni ń jẹ́wọ́.

Bíríkìlà kan ló kọ́kọ́ wá láti Kollo, ó kó páálí mẹ́fà. Káfíńtà tó ń kan àpótí tòmátì kó mẹ́rin. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ilẹ̀ ti mọ́. Ọmọ náà kọ ọ́ sí abẹ́ fọ́tò pé ó ti tán.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, fóònù dún. Bàbá gbé e, ó fetí sílẹ̀ títí, ó fi ọwọ́ bo ẹnu fóònù, ó sì yíjú sí ọmọ rẹ̀.

“Ó ń béèrè èyí tó dípẹtà. Ó ní ṣé a kò ní òmíràn mọ́.”

“Ẹ sọ fún un pé ó ti tán, Bàbá.”

Bàbá oníṣòó wo àwọn páálí ìṣó tuntun tó tò sẹ́yìn rẹ̀ dé òrùlé, ó gbé fóònù padà sétí, ó sì bẹ ọkùnrin náà ní Zarma pé kí ó má bínú, èyí tó mọ́ nìkan ló kù.